Ọdún Tiwa Dà Lóṣù Ẹrẹ́nà?

 

Lóṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mú iṣẹ́ àṣetiléwá wálé. Olùkọ́ ní kí wọ́n kọ̀wé nípa ọdún tí ilé wọn máa ń ṣe lásìkò yìí. Ọmọ náà kọ Àjíǹde. Ó ní a máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màmá òun á sì se ìrẹsì. Irọ́ ni, àfi ti ìrẹsì. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Bàbá àgbà, gbogbo wọn ló ní ọdún. Tiwa dà?"

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò lè nà án. Lọ́dún yẹn, ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù náà, Lẹ́ńtì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 5. Ní Òṣòdì wa níbí, tí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, dábínù àti àkàrà á ti gba ẹ̀gbẹ́ títì. Tó bá sì di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, àwọn aládùúgbò á wá gé màrìwò lára ọ̀pẹ ilé mi. Mo máa ń gé e fún wọn. Màrìwò kan náà ló wà ní ojúbọ Ògún wa tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Mo mú ọmọ jókòó. Mo ní ọdún tiwa, òjò àti iṣu ló ń tẹ̀ lé. Ní Ẹrẹ́nà, àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin àgbàdo ni, iṣu tuntun tí a ó fi ṣọdún Ifá kò tíì sí. Oṣù náà kò kúkú ṣófo. Àwọn Ẹ̀gbá ń ṣe ọdún Lísàbí l'Abẹ́òkúta. Àáró ni Lísàbí fi kó àwọn èèyàn jọ: ẹ bá mi ro oko lónìí, kí n bá yín ro tiyín lọ́la. Inú àáró yẹn ni wọ́n ti gbìmọ̀ tí wọ́n fi lé àwọn àjẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ Ifá náà ńkọ́? Ọjọ́ karùn-ún karùn-ún ni, tí a bá ka òní mọ́ ọn. Ìgbà méje tàbí mẹ́jọ nìyẹn lóṣù kan. Àwọn ìmàle ń wo oṣù lójú ọ̀run. Àwọn onígbàgbọ́ pàápàá, ẹ̀yìn òṣùpá àrànmọ́jú ni wọ́n ń ka Àjíǹde sí. Kí ló dé tí kíka ọjọ́ tiwa á wá di ohun ìtìjú?

Òótọ́ ni pé láti 2023 ìjọba Èkó ti ń fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù Ògún. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ti gba ìsinmi gígùn nígbà yẹn. Olùkọ́ wo ló máa ní kí ọmọ kọ nípa rẹ̀?

Ó ya ojú ewé yẹn, ó kọ ọ̀sẹ̀ Ifá. Máàkì tó gbà kò pọ̀. Ó fi hàn mí, kò sunkún. Ó ní kí n bá òun ka ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ já sí ọjọ́ ìdánwò ìṣirò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ká fi í sílẹ̀. Mo ní rárá. Aago márùn-ún ìdájí la ṣe é, obì àti omi tútù. Òun ló gbé igbá omi, yúnífọ́ọ̀mù ti wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà ààbọ̀, ó ti wọ bọ́ọ̀sì.