Àlàfo Láàárín Àmì: Láti Ohùn Dé Fóònù

Ọjà Arzèkè ní Parakou ni mo fi ń ṣàlàyé ìtò àmì fóònù. Nínú ariwo ibẹ̀, bí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ kò bá jìnnà síra tó, ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ á dàrú mọ́ra.

Fóònù ń yí gíga ìgbì rédíò àti ibi tó ti gbéra. Àpapọ̀ méjèèjì ni àmì kan. Bí a bá yà wọ́n sójú ìwé bí ìràwọ̀, èyí tó jìnnà sí àárín ló ń jẹ agbára jù. Ìtò alámì 16 ń fi àmì kan gbé bíìtì 4. Alámì 64 ń gbé 6. Ohùn mẹ́ta tiwa kò lè kọjá nǹkan bí 1.58 lórí sílébù kan. Ṣùgbọ́n bí agbára kò bá pọ̀ sí i, bí àmì ti ń pọ̀ ni wọ́n ń fún mọ́ra. Ní 1948, Shannon fi hàn pé agbára àti ariwo wà lára ohun tó ń pààlà sí ohun tí ọ̀nà kan lè gbé.

Ọgbọ́n kan ni ká máa lo àmì ìtòsí àárín ju ti etí lọ, ká fi agbára tó ṣẹ́kù fẹ àlàfo. Èdè náà kì í pín ohùn dọ́gba, bí ìdí rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀: nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í gba ohùn òkè. Nítorí náà, ẹ má ka iye àmì nìkan. Ẹ wo àlàfo àti ìlò wọn.