Steven Wise àti Ẹni tí Òfin Mọ̀

Lójú òfin, dúkìá ni ẹranko. Òfin tí ó ka ìwà ìkà sí ẹranko léèwọ̀ kò yí èyí padà. Ìdí nìyí tí Steven Wise (1950–2024), agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà, fi gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní ‘ẹni’ tí òfin mọ̀ kò pọn dandan kí ó jẹ́ ọmọ ènìyàn, nítorí ilé-iṣẹ́ pàápàá jẹ́ ẹni. Habeas corpus, àṣẹ tí a fi tú ẹrú kan, James Somerset, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1772, ni ó bẹ̀bẹ̀ fún ní New York ní 2013 nítorí ìnàkí kan, Tommy. Ilé-ẹjọ́ kò gbà. Ẹjọ́ Happy, erin ọgbà ẹranko Bronx, ni ó yẹ kí a fi ọkàn sí jù: ní 2022, adájọ́ 5 ní ọmọ ènìyàn nìkan ni àṣẹ náà wà fún, adájọ́ 2 kò fara mọ́ ọn. Rowan Wilson, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, rán wọn létí pé ẹrú náà kò ní ẹ̀tọ́ kíkún nígbà tí ilé-ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀.