"Eku Wo?"

Nígbà tí mo lọ sílé ní Àgọ́-Àmọ̀dú, bàbá mi àgbà, tí wọ́n ti ṣọdẹ rí, bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì. Mo ní eku la fi ń dán oògùn àìbalẹ̀ ọkàn wò. Wọ́n wò mí. "Eku wo? Òkété ni àbí ẹmọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní eku funfun ni. Àṣé ìbéèrè wọn mọ́gbọ́n wá ju ìdáhùn mi lọ.

Eku funfun náà ní ìran-ìran. Ẹ wo adìẹ ìbílẹ̀ àti adìẹ àgíríìkì: adìẹ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ mú ti ìbílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ ó sáré títí ọ̀fun yín á gbẹ. Ti àgíríìkì á kàn dúró máa wò yín ni.

Wistar ló wọ́pọ̀ ní láàbù wa, ìran tó ti Philadelphia wá láti 1906. A máa ń gbé e sórí pákó alágbèélébùú tó ga tó ìdajì mítà. Apá méjì ní ògiri, apá méjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Eku tí ẹ̀rù ń bà á sá sáàárín ògiri. Tó bá ti gba diazepam, Valium tí ẹ mọ̀ yẹn, ó sábà máa ń jáde síta.

Àmọ́ ẹ gbé ìran Lewis àti ìran SHR síbẹ̀ láìfún wọn ní nǹkan kan. Lewis á fara pamọ́, SHR á máa rìn kiri níta bí onílé. Ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sì tìtorí ẹ̀ dá SHR sílẹ̀ o!

Wistar-Kyoto ló bà mí lẹ́rù jù. Ìbátan Wistar ni, ṣùgbọ́n ojo paraku ni. Tí a bá fi sínú ike omi tí kò ti lè jáde, kì í pẹ́ tó fi ń jáwọ́. Fluoxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí àwọn dókítà ń kọ káàkiri ayé, sábà máa ń já sófo lára rẹ̀. Ká ní òun nìkan la fi dán an wò ni, à bá ti dà á nù.

Èmi náà ń dán ewé kan wò lọ́wọ́, Wistar nìkan ni mo ní. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ló pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé kankan tó tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀, eku tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ tó ń bí síra wọn fún ọdún gbọọrọ lè yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn baba ńlá wọn.

Bàbá ti bi mí bóyá kí Ìyá àgbà máa mu àgbo ewé náà, torí oorun ò kùn wọ́n mọ́. Mo ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù ná.