Gbígbé Ohun Wúwo Kì Í Ṣe Ti Ọ̀dọ́ Nìkan

Ìròyìn ẹni tó bímọ àti ẹni tó kọ́lé ni a sábà máa ń kà nínú ìwé yìí. Èyí tí mo mú wá lónìí náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìdílé.

Ní ìpàdé wa kan, a fẹ́ dìde gbàdúrà ìparí. Bàbá kan láàárín wa fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, kò lè dìde. Ọmọkùnrin kan ló sáré wá gbé e. A rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo délé tán, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bàbá yìí kò ṣàìsàn. Àgbẹ̀ ni nílé. Láti ìgbà tó ti dé Benin, ìjókòó ṣọ́ọ̀bù ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ta ni yóò gbé e dìde lóru?

Bí a kò bá fi iṣan ara ṣiṣẹ́, ńṣe ni yóò máa joro bí ọjọ́ orí ti ń lọ. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo àgbàlagbà níyànjú pé kí wọ́n máa ṣe eré tí ń fún iṣan lókun, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọn kò yọ arúgbó sílẹ̀, wọn kò sì yọ obìnrin sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, ẹ wo Folashade Oluwafemiayo. Nínú ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara ní Paris ní 2024, ó dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ ti irin kìlò 167 sókè, ó sì gba wúrà. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta kò wúwo tó bẹ́ẹ̀!

Kò sí ìdí láti náwó. Lítà omi kan, kìlò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 jẹ́ kìlò 5. Báàgì píọ̀ wọ́tà olọ́rá ogún sì tó kìlò 10. Ẹ bu omi díẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì, bó bá ti fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ fi kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Irin tí ọmọ mi fi páìpù àti agolo mílíìkì onísìmẹ́ńtì ṣe ni mo kọ́kọ́ gbé kọjá orí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹ̀yìn fi dùn mí.

Àga ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sí etí rẹ̀, ẹ dìde láìfọwọ́tì, ẹ rọra jókòó padà. Ìgbà mẹ́jọ, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Bó bá rọrùn, ẹ gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ ti ògiri bí ẹni fẹ́ bì í ṣubú, ẹ gbé ìgò omi méjì sókè orí, kí ẹ sì fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gbé kẹ́ẹ̀gì rìn yí àgbàlá ká. Ẹ fẹ́ èémí jáde bí ẹ bá ń gbé e. Ẹ má sé e. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìpákè, àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kan tàbí méjì wà láàárín fún ìsinmi.

Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń bá àga jà láti oṣù mẹ́ta. Ní ìpàdé tó kọjá, ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ti àga. Ọmọkùnrin ọjọ́sí tún sáré wá, bàbá sì ní kó padà lọ jókòó.