Ẹni Tí Ó Fi Ẹ̀yà Ìbọn Ránṣẹ́, Ìbọn Ni Ó Fi Ránṣẹ́

Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè ìjọba àpapọ̀, àwọn tí gbogbo wa mọ̀ sí Kọ́sítọ̀ọ̀mù, dá tírélà kan dúró lójú ọ̀nà Mile 2 sí Apapa. Kọ̀ǹténà ni ó gbé, ìlẹ̀kùn onírin ni ìwé sì sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Irọ́ kọ́, ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú ẹrù náà wò, àpótí 49 ni wọ́n bá tí a fi ìlẹ̀kùn bò mọ́lẹ̀, wọ́n sì ka ìbọn 661 nínú wọn, irú èyí tí a ń fà sẹ́yìn fà síwájú kí ó tó yìn, tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹpù.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe àkíyèsí ibi tí wọ́n ti mú un. Ojú títì ni. Ẹrù náà ti jáde ní èbúté, ó ti ń lọ sí ibi tí ó ń lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìbọn 440 tún yọjú ní èbúté Tin Can Island, lábẹ́ ẹfun tí a fi ń ṣe àjà ilé. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n bá 1,100, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n tún fi bá 470. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìbọn 2,671 ni wọ́n gbà ní ọdún kan ṣoṣo, ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n sì sọ pé wọ́n ti kó wọn wá. Ìjọba kọ́ èbúté yìí tán ní ọdún 1977, lẹ́yìn tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti dí gbogbo ojú omi Èkó pa. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní Ajégúnlẹ̀ kò lè ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kí n sì lọ sùn. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìbọn bẹ́ẹ̀ ń wá kàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn olówò ìbọn tí ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọlé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ tí kò rò pé òun dẹ́ṣẹ̀ rárá.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa, oníṣòwò ni, ènìyàn rere sì ni. Ọdẹ ni bàbá tirẹ̀ ní ìlú wọn, ó ní ìbọn ọlọ́pàá-méjì tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, irin kan sì ṣẹ́ nínú rẹ̀. Àna rẹ̀ tí ó wà ní Houston ní Amẹ́ríkà wo orí ayélujára, ó rí irin náà ní owó pọ́ọ́kú, ó sì sanwó rẹ̀. Ó ní òun yóò fi í sáàárín aṣọ nínú dúrọ́ọ̀mù tí òun ń kó bọ̀. Ni bàbá yìí bá bi mí pé, “Tíṣà, irin tí kò tó ìka ọwọ́ mi, ṣé ìyẹn náà ni wọ́n máa pè ní ìbọn?”

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, ti ọdún 1959, kò dúró dìgbà tí ìbọn bá pé kí ó tó pè é ní ìbọn. Lẹ́yìn tí ó ti ka oríṣiríṣi ìbọn tán, ó fi kún un pé ẹ̀yà èyíkéyìí tí ó jẹ́ ara irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ìbọn ni. Ọ̀pá rẹ̀, ibi tí a ń fà kí ó tó dún, irin kékeré inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, ka ẹ̀yà ìbọn tí ìbọn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i mọ́ ohun tí kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìgba àṣẹ.

Òfin wa pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èèwọ̀ gan-an: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn àwọn ológun, ìbọn ìléwọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrẹ ilẹ̀ wa nìkan ni ó lè yọ̀ǹda irú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí kò lè dín ní ọdún 10 ni. Èkejì ni irú ìbọn ọdẹ bàbá yẹn, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ń fún ni ní ìwé rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà. Bàbá ọdẹ lè ní ìwé ìbọn tirẹ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ ìwé pé o lè ní ìbọn kì í ṣe ìwé pé o lè kó ìbọn wọ̀lú láti òkè òkun. Ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣubú sí.

Àna tí ó wà ní Houston ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tilẹ̀ le jù. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè ra ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ìbọn bí ẹni ra bàtà, kí ẹni tí ń tà á má sì bi í ní ohunkóhun. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn wa fi ń rò pé ohun tí a rà ní gbangba, a lè fi ránṣẹ́ ní gbangba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ìjọba wọn tí ń bójú tó ìṣòwò ni ń fúnni ní ìwé àṣẹ fún púpọ̀ nínú irú ìbọn báwọ̀nyí àti ẹ̀yà wọn kí wọ́n tó lè kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin yìí lè fi ẹ̀wọ̀n 20 ọdún jura, owó ìtanràn sì lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Bí ó bá jẹ́ odidi ìbọn tàbí ọta, ó tún gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tí ó fẹ́ bá a gbé e.

Ní ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ọkùnrin mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Maryland pé wọ́n kó ìbọn àti ọta sínú kọ̀ǹténà láti Baltimore wá sí Nàìjíríà, pé inú ẹ̀rọ tí ń fún atẹ́gùn ni wọ́n dì wọ́n sí, àti pé àwọn tí ń jà fún ìyapa ní Kamẹrúùnù ni wọ́n fẹ́ kó o fún. Láti ìgbà náà, ẹ má rò pé ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ẹrù tí ń bọ̀ wá sílé.

Mo tún fẹ́ kí àwọn tí ń bá ni gba ẹrù jáde ní Tin Can gbọ́ tiwọn. Nínú ẹ̀sùn tí ìjọba kà sí àwọn ènìyàn kan lọ́rùn lórí ìbọn 661 yẹn ni pé wọ́n yí ìwé ọkọ̀ padà, tí ó fi dà bí ẹni pé Shanghai ní Ṣáínà ni ẹrù ti wá, nígbà tí ó jẹ́ pé Istanbul ni. Ní ọdún 2010, kọ̀ǹténà 13 tí ó kún fún ohun ìjà láti ilẹ̀ Ìráànì wọ Apapa ní oṣù keje, ohun èlò ilé kíkọ́ ni wọ́n pè é, oṣù kẹwàá ni wọ́n tó ṣí i. Ará Ìráànì kan àti ọmọ Nàìjíríà kan ni ilé-ẹjọ́ rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ní ọdún 2013. Orúkọ ẹni tí ó wà lórí ìwé ni òfin ń kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yá ọ̀gá kan ní orúkọ yín nítorí ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ó fà á tí ọ̀gá náà kò fi lo orúkọ tirẹ̀.

Ẹni tí ń di dúrọ́ọ̀mù ní òkè òkun, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í, kí ó kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì gba ìdìpọ̀ ẹlòmíràn tí a ti lẹ̀ pa sínú tirẹ̀, ìbáà ṣe ti ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá tú ẹrù tirẹ̀ nílé tí ó bá ohun tí kò mọ̀ nínú rẹ̀, kí ó má gbé e káàkiri fi han aládùúgbò, kí ó má sì sọ ọ́ sí ọ̀sà lóru. Kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti bá a, kí ó pe lọ́yà bí ó bá ní, kí ó sì jẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́ kíákíá.

Bàbá àdúgbò wa ti tẹ àna rẹ̀ láago pé kí ó má fi irin náà sínú ẹrù. Inú àna kò dùn, nítorí owó rẹ̀ ti wọlé sí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bàbá fẹ́ lọ sí ìlú wọn láti wo ìwé ìbọn bàbá rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè mú un lọ bá ọlọ́pàá, kí wọ́n sì béèrè ibi tí òfin ti gbà kí a tún ìbọn náà ṣe. Ọdọọdún ni a ń sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ dọ̀tun, kò sì tíì mọ ọdún tí wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun kẹ́yìn.