Katapílà Kò Lè Tún Biétry Ṣe

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìjọba Côte d'Ivoire kó katapílà wọ Rue Princesse ní Yopougon ní ìlú Abidjan, òpópónà fàájì tí òkìkí rẹ̀ kàn débi tí Henri Duparc fi sọ fíìmù kan ní orúkọ rẹ̀. Anne Ouloto, mínísítà ìmọ́tótó ìlú nígbà náà, ló ṣíwájú. Maman Bulldozer ni àwọn ará Abidjan ń pè é. Ilé ọtí wó, ilé ijó wó. Ṣùgbọ́n fàájì Yopougon kò kú, ojú ibòmíràn ló gbà yọ. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nígbà ogun 2002: òfin kónílé-ó-gbélé gba òru lọ́wọ́ àwọn kíláàbù, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án. Àsìkò yẹn gan-an ni orin àti ijó coupé-décalé gbòde.

Ẹni tó bá ní kí ìjọba fi agbára fọ ariwo kíláàbù àti iṣẹ́ aṣẹ́wó kúrò ní Biétry gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ìyẹn. Biétry, ní Marcory ní Abidjan kan náà, létí ọ̀sà Ébrié, àti Zone 4 tó múlé tì í, jẹ́ àdúgbò olówó, àjèjì àti ará Lẹ́bánónì. Kíláàbù àti ilé tí ọmọdé ń sùn sí jọ fara kanra ni. Àtíbàbà etí títì ni katapílà mọ̀ ọ́n wó. Ilé olóògiri tó ní ìwé kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ipá bá jẹ́ irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìjọba ní, orí tálákà ni yóò máa sọ̀ sí.

Kí ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀ lóru ńkọ́? Òfin Côte d'Ivoire kò sọ pé ọ̀daràn ni ẹni tó ń ta ara rẹ̀. Ẹni tó ń dẹ oníbàárà ní gbangba àti ẹni tó ń fi ara ẹlòmíràn jẹun ló ń bá wí. Síbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ló máa ń tètè bọ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, tí ẹni tó ń gbowó lórí wọn á sì wà nílé rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fi irọ́ iṣẹ́ tàn dé Côte d'Ivoire sì wà lára àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n tàn kò ní tú àṣírí fún ọlọ́pàá tó ń tì í mọ́lé.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ju èyí lọ ni ìwé àṣẹ tó ní májẹ̀mú nínú. Ní London, wọ́n ti kíláàbù Fabric pa ní oṣù kẹsàn-án 2016 lẹ́yìn tí oògùn olóró pa ọ̀dọ́ méjì. Ó tún ṣí ní oṣù kìíní 2017, àmọ́ pẹ̀lú kámẹ́rà sí i, ẹ̀rọ tó ń yẹ káàdì ìdánimọ̀ wò, àti òfin pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 19 kò gbọdọ̀ wọlé ní òru òpin ọ̀sẹ̀. Kíláàbù yẹn mọ ohun tó lè pàdánù.

Wọ́n á ní Abidjan kì í ṣe London, pé ẹ̀gúnjẹ ni yóò ra ìwé àṣẹ náà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n òru tí ọlọ́pàá bá yọ lójijì ni ẹ̀gúnjẹ ń rí àyè jù, torí kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀sùn, kò sẹ́ni tó mọ iye ìtanràn. Bí wọ́n bá lẹ májẹ̀mú mọ́ ẹnu ọ̀nà, aládùúgbò tí kò lè sùn yóò mọ èyí tí wọ́n rú. Côte d'Ivoire kúkú ti ní òfin ariwo àdúgbò láti 2016; ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ariwo wá ní aago méjì òru ló kù. Kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ni ilé sínú ìwé àṣẹ náà, nítorí ayálégbé lè pa orúkọ kíláàbù dà láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá tì í.