"More better" àti "If I would have": ṣé èdè Yorùbá ló fà á?

Láti Oṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, ti kéde pé ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ọdún kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni awuyewuye ti gbòde. Ìjọba ní èdè abínibí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ló ń mú kí wọ́n máa fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an bí ọmọ Ibefun tàbí ti Ìjẹ̀bú-Òde bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì kọ?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìfiwéra ná. "Ilé yìí tóbi ju ìyẹn lọ": "tóbi" ò yí padà, "ju… lọ" ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọ̀nà méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Ó ń fi "more" ṣáájú ọ̀rọ̀ gígùn, ó sì ń yí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kúkurú fúnra wọn padà: "big" á di "bigger", "good" á di "better". Ọmọ tó ń wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò ṣe iṣẹ́ "jù" á gbá "more" mú, á sì kọ "more better".

Èyí tó le jù ni gbólóhùn ohun tí kò ṣẹlẹ̀. "Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti wá." "Mọ̀" dúró bó ṣe wà, "ká ní" àti "ǹ bá" ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ló ń fa ọ̀rọ̀ ìṣe sẹ́yìn. Nínú "If I knew his house, I would go", òní la wà, kì í ṣe àná. "Knew" kàn ń sọ pé mi ò mọ ilé náà ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá lọ, Gẹ̀ẹ́sì á tún sún un sẹ́yìn sí i: "If I had known, I would have come". Ọmọ tó bá fi "would" rọ́pò "ká ní" àti "ǹ bá" á kó o sí apá méjèèjì: "If I would have known". Máàkì lọ nìyẹn.

Síbẹ̀, mi ò rò pé Yorùbá nìkan ló lẹ̀bi. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ Yorùbá rí ń sọ "If I would have known", Shakespeare pàápàá sì lo "more better". Nínú ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó mọṣẹ́ ló sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Lójú tèmi, olùkọ́ tó dáńtọ́ ló wọ́n wa, kì í ṣe pé Yorùbá pọ̀ jù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sójú bọ́ọ̀dù kan náà, kí ẹ sì fi ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ han ọmọ.